Ọkọ̀ Pẹrẹsẹ Wà Nínú Ògiri Ilé New Orleans

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe láti máa gbé ìròyìn jáde ní èdè wa. Nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí nípa ìlú New Orleans ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ ọ́ sọ pé ọkọ̀ eléèéfín, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń fi agbára omi híhó yí kẹ̀kẹ́ nínú odò, ni ó sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀, àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ sì fi ṣe ojú ewé náà lọ́ṣọ̀ọ́. N kò bá òǹkọ̀wé yín jà, nítorí ohun tí àwọn tó ń mú àlejò kiri ìlú yìí máa ń sọ lójoojúmọ́ kò yàtọ̀ sí ohun tí ó kọ. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún 11 báyìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní New Orleans, títún àwọn ilé àtijọ́ ṣe ni mo sì fi ń jẹun. Ohun tí mo ti fi ọwọ́ ara mi tú jáde láti inú ògiri àwọn ilé náà kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé kan ní àdúgbò Bywater, nítorí omi òjò ti ba ògiri yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Mo bó ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà kúrò, mo yọ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó di ẹfun náà mú, mo sì ń retí láti rí àwọn òpó tí wọ́n máa ń tò sínú ògiri ilé onípákó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. N kò rí òpó kankan. Pákó ni mo bá, pákó tó nípọn tó ìnǹṣì méjì, tí wọ́n nà ró lóòró láti ilẹ̀ dé àjà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tó sì jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọ́n ru òrùlé. Lára wọn ni ihò wà, ihò roboto tí àtàǹpàkò mi wọ̀ dáadáa, tó tẹ̀ lé ara wọn ní etí pákó. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ihò náà, èèkàn igi tí ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ṣì há síbẹ̀ gbọningbọnin, ojú ọ̀bẹ sì hàn lára rẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Kò sí ohun tí ihò wọ̀nyẹn ń ṣe nínú ilé náà. Wọn kò so nǹkan kan mọ́ ọn, wọn kò sì gbé nǹkan kan kọ́ ọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, bàbá mi kan ọkọ̀ pákó ní etí omi títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ihò bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ọkọ̀ ni ògiri náà tẹ́lẹ̀.

Orúkọ tí àwọn ará ibí ń pe irú ọkọ̀ náà ni flatboat. Ní èdè tiwa, n ó máa pè é ní ọkọ̀ pẹrẹsẹ. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti inú ìtì igi kan ṣoṣo a máa rí roboto nísàlẹ̀, ọkọ̀ òkun a sì ní igi gbọọrọ kan tó dà bí eegun ẹ̀yìn, tó wọ inú omi lọ. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àpótí ńlá ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ bí ilẹ̀ ilé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, wọ́n sì fi pákó bo apá kan tàbí gbogbo òkè rẹ̀ kí òjò má ba à pa ẹrù. Ìbú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 20, gígùn rẹ̀ a sì máa tó 50 sí 100. Nítorí pé ó tẹ́, tó sì fẹ̀, ó lè gbé 30 tọ́ọ̀nù ẹrù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ibi tí omi kò ti jìn. Nítorí àjẹ̀ gígùn méjì tó yọ sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bí ìwo màlúù ni àwọn ènìyàn ṣe ń pè é ní oníwo fífẹ̀, àjẹ̀ mìíràn sì wà lẹ́yìn tí í ṣe ìtọ́kọ̀. Kì í ṣe àjẹ̀ ni ó ń gbé ọkọ̀ náà lọ o, odò fúnra rẹ̀ ni. Iṣẹ́ àwọn atukọ̀ ni láti yà á kúrò lójú òkìtì iyanrìn àti lójú igi tó rì sínú omi tó ń yọ orí níta, nítorí igi bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo tó láti ya ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ènìyàn tó ké.

Bí wọ́n ṣe ń kan án ni mo fẹ́ràn jù lọ láti sọ, kí ẹ jọ̀wọ́ fi sùúrù gbọ́ mi. Ní etí odò Ohio àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀, wọn a wá igi poplar kan tó ga, tó sì gún régé, wọn a gé e lulẹ̀, wọn a là á sí méjì lóòró, wọn a sì fi àáké gbẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ìtì gbọọrọ méjì tó bá ara wọn mu. Àwọn ìtì méjì yìí ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, òun náà ni gbogbo agbára rẹ̀. Wọn a fi igi dábùú so wọ́n pọ̀, wọn a sì tẹ́ pákó ìsàlẹ̀ lé wọn. Ìṣó irin ṣọ̀wọ́n ní apá ìwọ̀ oòrùn nígbà náà, nítorí orí òkè ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá láti etíkun, owó rẹ̀ sì ga, nítorí náà wọn a lu ihò sí pákó àti ìtì, wọn a sì fi òòlù gbá èèkàn igi wọ inú ihò náà. Bí igi bá ti mu omi, yóò wú, yóò sì fún ara rẹ̀ pinpin. Wọn a fi ìhùùhù okùn dí àárín pákó kan sí èkejì, wọn a sì fi ọ̀dà gbígbóná bò ó, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe ní ìlú wa. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìdojúdé ni wọ́n ń kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, kí ó lè rọrùn láti gbá èèkàn láti òkè àti láti fi ọ̀dà dí i. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, wọn a tì í sínú odò, wọn a kó ẹrẹ̀ àti òkúta lé etí kan títí etí náà yóò fi rì, okùn àti agbára odò yóò sì yí i padà ṣíṣí. Ẹ fojú inú wo igi tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60, tí àwọn àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ kankan ń yí padà nínú omi tútù. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó gbé ògiri àti òrùlé lé e.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe? Àwọn tó ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn òkè Appalachia lẹ́yìn ogun òmìnira Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ ọlọ́ràá, àgbàdo àti àlìkámà wọn pọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ wọn sanra, ṣùgbọ́n àtigbé àgbá ìyẹ̀fun gba orí òkè lọ sí etíkun ìlà oòrùn a máa jẹ gbogbo èrè rẹ̀ tán. Odò ni ó kù, gbogbo odò ibẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí New Orleans. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1782, Jacob Yoder kó irè oko sínú ọkọ̀ pẹrẹsẹ láti Fort Redstone ní etí odò Monongahela, ó sì gúnlẹ̀ sí New Orleans; a kọ ọ́ sára ibojì rẹ̀ ní Kentucky pé ọkọ̀ tirẹ̀ ni ọkọ̀ pẹrẹsẹ àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú odò Mississippi. Abẹ́ ìjọba Sípéènì ni ìlú náà wà nígbà náà. Ní 1795, Sípéènì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí àwọn ará Amẹ́ríkà máa kó ẹrù wọn sí èbúté ibẹ̀. Ní 1802, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn náà mọ́ wọn lójú, ariwo sì ta ní Kentucky àti Tennessee. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù 15 dọ́là fún ilẹ̀ Faransé, tó ti gba Louisiana padà lọ́wọ́ Sípéènì, láti ra gbogbo agbègbè náà. Àwọn òpìtàn a máa dárúkọ Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tí àgbá ìyẹ̀fun wọn ń bàjẹ́ lọ nínú ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ eléèéfín. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ eléèéfín àkọ́kọ́ gba odò náà dé New Orleans ní oṣù kìíní ọdún 1812. Ohun tí òǹkọ̀wé yín kò sọ ni pé wíwá rẹ̀ kò pa ọkọ̀ pẹrẹsẹ rárá, ńṣe ni ó sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ pẹrẹsẹ kò lè padà sókè odò, nítorí kò sí agbára tó lè fa àpótí bẹ́ẹ̀ kọjú sí omi Mississippi. Bí wọ́n bá ti ta ẹrù tán, wọn a ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń wá pákó, àwọn atukọ̀ a sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé ní ọ̀nà Natchez Trace, tí ó tó máìlì 440 láti Natchez dé Nashville, tó gba inú ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Choctaw àti Chickasaw kọjá, tí àwọn ọlọ́ṣà sì máa ń lúgọ dè wọ́n nítorí owó tó wà lára wọn. Nígbà tí ọkọ̀ eléèéfín dé, atukọ̀ lè san owó díẹ̀ kí ó sì dùbúlẹ̀ sórí ọkọ̀ náà padà sílé láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ó tún kan òmíràn, kí ó tún sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iye ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń gúnlẹ̀ sí New Orleans ṣe ń pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọdún 1847, nígbà tí ó ju 2,000 lọ láàárín ọdún kan. Ọdún 35 ti kọjá nígbà náà lẹ́yìn tí ọkọ̀ eléèéfín ti dé. Rélùwéè àti ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n wá fà á sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé Abraham Lincoln, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, tu ọkọ̀ yìí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ní 1828 láti Indiana fún owó iṣẹ́ dọ́là mẹ́jọ lóṣù, àti ní 1831 láti Illinois, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ há sórí ìsénà omi ilé ọlọ kan ní New Salem. Ìhá yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1849 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba fún ohun tí ó hùmọ̀ láti máa gbé ọkọ̀ sókè lórí iyanrìn. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ti àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Láàárín ìyẹ̀fun àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, àwọn oníṣòwò Kentucky a máa kó àwọn ènìyàn aláwọ̀ dúdú sọ̀ kalẹ̀ lọ tà sí oko òwú àti oko ìrèké. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1826, oníṣòwò ẹrú kan tó ń jẹ́ Edward Stone kó ènìyàn 77 sínú ọkọ̀ pẹrẹsẹ ní odò Ohio. Wọ́n dìde sí i lórí omi, wọ́n pa òun àti àwọn aláwọ̀ funfun mẹ́rin tó wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ri ọkọ̀ náà, wọ́n sì sá wọ Indiana. Wọ́n mú ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, wọ́n sì so márùn-ún rọ̀. Ní 1830, ọ̀gá ẹrú kan ní Kentucky tó ń jẹ́ Josiah Henson rán Henson sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ọmọ ọ̀gá náà tó ń jẹ́ Amos Riley, láìsọ fún un pé tità ni wọ́n fẹ́ lọ tà á. Henson nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú ọkọ̀ náà, nítorí náà òun ni wọ́n ń fi sídìí ìtọ́kọ̀ jù, títí ó fi mọ odò ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ojú ọ̀gá atukọ̀ fọ́ lójú ọ̀nà, Henson ẹni tí wọ́n ń lọ tà ni ó di ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ọjà tí wọn yóò ti tà á. Ó jẹ́wọ́ nínú ìtàn ayé rẹ̀ pé ní òru kan tí gbogbo wọn sùn, òun gbé àáké sókè lé orí ọmọ ọ̀gá òun, ẹ̀rí ọkàn kò sì jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ní New Orleans, àìsàn líle kọlu ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Henson sì di ẹni tó gbé e sínú ọkọ̀ eléèéfín, tó ń tọ́jú rẹ̀ títí wọ́n fi délé. Kí ọdún náà tó parí, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sá lọ sí Kánádà. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá di pákó bẹ́ẹ̀ mú, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú wo pákó kan kí ó mọ ẹni tó jókòó sórí rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti dé, tí wọ́n sì ti tú u, àwọn ìtì gbọọrọ a di ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lórí ẹrẹ̀ ìlú náà, pákó ìsàlẹ̀ a sì di ògiri. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn aláwọ̀ dúdú òmìnira, tí owó wọn kò tó ra bíríkì, ni wọ́n rà wọ́n jù ní Tremé, ní Marigny àti ní Bywater. Kí n má purọ́, kì í ṣe gbogbo pákó nínípọn tí ẹ bá rí nínú ògiri New Orleans ni ó wá láti inú ọkọ̀. Àwọn ilé ayùn náà ta irú rẹ̀. Ihò èèkàn ni ẹ̀rí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní shotgun: yàrá kan ní ìbú, yàrá tẹ̀ lé yàrá láti ojúlé dé ẹ̀yìn, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín. Ní 1809, àwọn ènìyàn tó lé ní 9,000 tí wọ́n ti sá kúrò ní Háítì lọ sí Kúbà tún ṣí wá sí New Orleans, ohun tó ju ìdajì wọn lọ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti àdàlù, ẹrú àti òmìnira. Ní 1976, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Michael Vlach tọ ipasẹ̀ ilé náà padà sí Háítì, láti Háítì sì dé ilé oníyàrá méjì ti ilẹ̀ Yorùbá, tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 20 ní gígùn. Àwọn kan kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ tóóró tí wọ́n ń pín ní ìlú náà ló fà á. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn Nàgó, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, pọ̀ ní Háítì dé ibi pé orúkọ yẹn ṣì wà nínú ẹ̀sìn wọn títí di òní, pẹ̀lú Ògún tí wọ́n ń pè ní Ogou. Bí mo bá sì fi ìwọ̀n wọn yàrá nínú ilé wọ̀nyẹn, ara mi a máa sọ fún mi pé mo ti sùn nínú irú yàrá yìí rí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju méjì lọ. Èkíní, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa odò Mississippi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún ọkọ̀ pẹrẹsẹ ní ààyè tirẹ̀. Èkejì, àwọn ọmọ wa tó ń ra ilé àtijọ́ ní New Orleans tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń ka ìwé ìròyìn yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú mi ni wọ́n ṣe kó pákó oníhò tó kún ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ sí ààtàn, nítorí agbaṣẹ́ṣe ní kò wọ̀n déédéé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé bí wọ́n bá bó ògiri tí wọ́n sì bá pákó tó dúró lóòró, kí wọ́n fi ìka wá ihò kí wọ́n tó gbé ayùn. Pákó náà ṣì le. Ó ru òrùlé láti ìgbà náà, ó ṣì lè rù ú.

Onílé Bywater yẹn fún mi ní ọ̀kan nínú pákó rẹ̀, èyí tí èèkàn ṣì wà nínú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ìnǹṣì méje, ihò mẹ́fà ni ó ní, ọ̀dà dúdú sì ṣì wà ní etí rẹ̀ kan. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán rẹ̀ fún ojú ewé yín, n ó yà á ní ọ̀sán, kí ojú ọ̀bẹ tó wà lára èèkàn náà lè hàn, n ó sì fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà ọmọ Ìlàjẹ kan,
New Orleans, Amẹ́ríkà